Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun: Oníṣègùn tí ó Bèèrè Ohun tí Aláìsàn Ń Jẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín lóṣù yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe olóṣèlú, kì í sì í ṣe olówó. Oníṣègùn ni. Iṣẹ́ tí ó yàn láàyò ni ìtọ́jú ọpọlọ àti àwọn iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ń gbé ìròyìn láti gbogbo ara lọ sí ọpọlọ. Orúkọ rẹ̀ ni Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun. Ọdún 1995 ni ó kú, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí kò tíì tán nílẹ̀. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jẹ gàrí, fùfú tàbí láfún. Ó sì kan àwa tí a wà ní Igbódìgò àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gan-an, nítorí pé púpurú ni oúnjẹ tí a fi ń mọ̀ wá, ẹ̀gẹ́ ni a sì fi ń ṣe é.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí Ọ̀ṣuntókun ní oṣù kìíní ọdún 1935 ní Òkèmẹsí, ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìdílé tí ó ti wá fẹ́ràn ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Odùọlá Ọ̀ṣuntókun, di mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Àbúrò rẹ̀, Jídé Ọ̀ṣuntókun, di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn, ó sì ṣe aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ Jámánì. Christ's School ní Adó-Èkìtì ni Káyọ̀dé ti ka ìwé sẹ́kọ́ńdìrì rẹ̀, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Nígbà náà, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn tí ó bá yege níbẹ̀ sì ń gbà.

Lẹ́yìn tí ó di dókítà, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Newcastle. Dókítà tí ó bá ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jókòó sí ìlú òyìnbó kí ó máa jẹun rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Ọ̀ṣuntókun padà wá sílé. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ni ó ti ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Áwẹ́, ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀ láti ọdún 1962. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ọpọlọ lélẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Àrùn tí ń bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀

Ní àkókò náà, àwọn aláìsàn kan a máa wá sí Ìbàdàn, tí ó jẹ́ pé agbègbè Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá, pàápàá Ẹ̀pẹ́ àti Òsósà. Àìsàn wọn kì í dé lójijì. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: á máa jó wọn bí ẹni tẹ iná, á máa gún wọn bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá pẹ́, ẹsẹ̀ náà kò ní mọ ilẹ̀ mọ́. Bàtà lè bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni náà kí ó má mọ̀. Bí ó bá ń rìn, á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan ọtí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí bí ó bá dijú láti fi ọṣẹ bọ́jú, ó lè ṣubú lulẹ̀, nítorí pé ojú ni ó fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn èyí, ojú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, etí á sì máa di díẹ̀díẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn ará ilé máa ń sọ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Wọn á ní ó tẹ nǹkan ni. Wọn á ní ọ̀tá ni ó fi nǹkan sí ọ̀nà rẹ̀. Owó á máa lọ, ìdílé á máa tú, wọn á máa fura sí ìyàwó tàbí sí àbúrò, ẹsẹ̀ kò sì ní yé jó. Àwọn dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú àrùn yìí ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1930. Àwọn kan nínú wọn fura sí ẹ̀gẹ́, àwọn mìíràn fura sí àìtó fítámì. Ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí yóò wádìí rẹ̀ dé ìdí ni ó kù.

Bí ó ṣe wádìí rẹ̀

Ní ọdún 1968, Ọ̀ṣuntókun gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Brain. Ó ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe rí lára aláìsàn, ohun tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti bí iná mànàmáná ṣe ń kọjá nínú iṣan ìmọ̀lára wọn. Ní ọdún 1969, òun àti Monekosso, ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, àti Wilson tí ó jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé èkejì jáde nínú British Medical Journal. Èyí ni ti ìlú tí wọ́n lọ fúnra wọn. Wọn kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn máa wá bá wọn. Wọ́n lọ wo ẹni tí ó ń ṣàìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n sì bèèrè ohun tí kálukú ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ̀gẹ́ ni àwọn aláìsàn yìí ń jẹ, lójoojúmọ́, ní oríṣìí ọ̀nà tí a ń gbà sè é, ẹran àti ẹja kò sì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Ní òkè Ọya, níbi tí bàbà àti jéró ti jẹ́ oúnjẹ, wọn kò rí àrùn náà bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ẹ̀gẹ́? Ẹ̀gẹ́ ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní linamarin. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ náà, ohun yìí a wà jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o, tí a rin ín tàbí tí a rẹ ẹ́, omi ara ẹ̀gẹ́ kan náà yóò tú linamarin ká, yóò sì di májèlé sáyánáìdì. Àwọn baba wa mọ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò ní tútù. Ara wa pàápàá ní ọgbọ́n tí ó fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ̀nba sáyánáìdì: a máa sọ ọ́ di ohun mìíràn tí kò le tó o, tí ń jẹ́ thiocyanate, a sì máa tọ̀ ọ́ jáde. Imí-ọjọ́ tí ó wà nínú oúnjẹ bí ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ni ara fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀ láìrí ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ ni ó ń gba májèlé wọlé tí kò sì ní ohun tí yóò fi lé e jáde.

Èyí gan-an ni Ọ̀ṣuntókun rí nínú ẹ̀jẹ̀. Thiocyanate pọ̀ lára àwọn aláìsàn rẹ̀, àwọn èròjà tí ó ní imí-ọjọ́ sì dín kù. Bí wọ́n bá dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn, tí ó ń jẹ oúnjẹ ibẹ̀, thiocyanate inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀. Bí ó bá padà sílé sí ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, á tún gòkè. Ní ọdún 1970, ó tún gbé àbájáde iṣẹ́ tí ó fi eku ṣe jáde, níbi tí ó ti fi ẹ̀gẹ́ bọ́ wọn láti mọ ohun tí ara ń fi sáyánáìdì ṣe.

Oògùn tí kò ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé ibí yìí ni ìwà ọkùnrin náà ti hàn jùlọ. Bí ó bá jẹ́ pé sáyánáìdì ni ó ń ba iṣan jẹ́, ó yẹ kí oògùn tí ń mú sáyánáìdì so mọ́ra wo àrùn náà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà. Oríṣìí fítámì B12 kan ni, hydroxocobalamin ni wọ́n ń pè é, bí ó bá sì pàdé sáyánáìdì nínú ara, á so mọ́ ọn. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn aláìsàn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n fún àwọn kan ní hydroxocobalamin, wọ́n fún àwọn kan ní riboflavine, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn láti mọ èwo ni ara rẹ̀ yóò yá ju èkejì lọ.

Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Kò sí ẹ̀rí pé oògùn náà mú àrùn lọ. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi cystine kún un, èyí tí ó jẹ́ èròjà onímí-ọjọ́. Ní ọdún 1974, wọ́n tún gbé àbájáde jáde, ìdáhùn kan náà ni. Ohun tí ó ti bàjẹ́ lára iṣan kò padà sípò.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ti ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀ràn sáyánáìdì ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà pé oògùn tí ó bá èrò òun mu kò ṣiṣẹ́. Kò fi pamọ́. Kò tún un ṣe kí ó lè dùn gbọ́. Ìṣòtítọ́ nínú iṣẹ́ ìmọ̀ nìyẹn, ẹ̀kọ́ tí ó sì kọ́ wa nínú rẹ̀ tóbi: àrùn tí a kò lè fi oògùn lé lọ mọ́, kí á tètè dínà mọ́ ọn ni ó kù, àyè ìdínà náà sì wà nínú ilé ìdáná.

Wárápá, ẹ̀fọ́rí àti ìgbàgbé ọjọ́ ogbó

Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sórí ẹ̀gẹ́. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀, ó sì wà ní ipò olórí ilé ìwòsàn UCH ní àwọn ọdún 1980. Láàárín gbogbo ìyẹn, kò fi ìwádìí sílẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìgbó-Ọrà, wọ́n wọ ilé dé ilé, wọ́n yẹ nǹkan bí 19,000 ènìyàn wò láti mọ iye àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ àti iṣan. Ní ọdún 1987 ni wọ́n gbé e jáde. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n rí bí ènìyàn márùn-ún tí ó ní wárápá. Iye tí wọ́n rí yìí kò jìnnà sí ti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lágbàáyé. A mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń sá fún oníwárápá, tí wọn á ní itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ran ni. Wárápá kì í ràn. Àìsàn ọpọlọ ni, oògùn tí kò wọ́n sì wà tí ń dá a dúró lára ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá ń lò ó déédéé.

Iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992. Òun àti àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí Hugh Hendrie jẹ́ olórí wọn, bèèrè ìbéèrè kan: ṣé bákan náà ni ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, èyí tí à ń pè ní ṣíṣarán, ṣe ń mú àwọn àgbà wa nílé àti àwọn ará wa aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà? Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni wọ́n lò níhìn-ín. Wọ́n yẹ 2,494 àgbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 wò níbẹ̀, wọ́n sì yẹ 2,212 wò ní Indianapolis. Ní Ìdíkàn, nǹkan bí 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àrùn náà. Láàárín àwọn tí ń gbé ilé ara wọn ní Indianapolis, ó jẹ́ 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì tiwa.

Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èròjà àjogúnbá kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tí ó jẹ́ pé láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tí ó bá ní in ni àrùn Alzheimer tètè ń mú. Láàárín àwọn àgbà Yorùbá tí Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí i kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé èyí jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ọ̀ṣuntókun kú, ẹni 60 ọdún ni. Àwọn tí ó kọ́ nísẹ́ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ní ọdún 2001, wọ́n fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àwọn tí ìgbàgbé yìí ń mú ní tuntun lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn àti 3.24 ní Indianapolis. Baba ńlá kan náà, oúnjẹ àti ìgbé ayé ọ̀tọ̀. Ìbéèrè tí ó bi àwọn ará Òsósà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ó tún padà sí: kí ni ẹ ń jẹ, báwo ni ẹ sì ṣe ń gbé?

Ohun tí ó kù nílẹ̀

Ṣé àrùn ẹsẹ̀ jíjó náà ti wá kásẹ̀ nílẹ̀? Rárá o. Oníṣègùn mìíràn, Olúwọlé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Òsósà, wọ́n gbé àbájáde wọn jáde ní ọdún 2000. Wọ́n yẹ 3,428 ènìyàn wò, wọ́n rí 206 tí ó ní àrùn náà, ìyẹn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Láàárín àwọn obìnrin tí ó wà láti ẹni 60 ọdún sí 69, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2002, Olúwọlé kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún sọ nípa ìlú mìíràn tí sáyánáìdì láti inú ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ lára àwọn ènìyàn, tí àrùn náà kò sì pọ̀ níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ó lè jẹ́ pé ọ̀ràn náà ju sáyánáìdì nìkan lọ. Ẹni tí ó gbé àbájáde oògùn tí kò ṣiṣẹ́ jáde kò ní bínú sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìmọ̀ ṣe ń dàgbà nìyẹn.

Àwa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ káwọ́ gbera. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe púpurú. Wọn á bó ẹ̀gẹ́, wọn á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọn á yọ okùn inú rẹ̀, wọn á fún omi rẹ̀ dànù, wọn á mọ ọ́n ní ìṣù, wọn á sì yan án lórí iná èéfín títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn á ha ara rẹ̀ dúdú kúrò, wọn á gún un, wọn á sì kù ú. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí ó lò nínú omi ni ó ń tú linamarin ká, omi tí a dà nù ni ó ń gbé májèlé lọ, ooru iná sì ń lé èyí tí ó kù jáde bí afẹ́fẹ́, nítorí pé sáyánáìdì kì í gba ooru púpọ̀ kí ó tó fẹ́ lọ. Àwọn tí kò ka ìwé sáyẹ́ǹsì kankan ni ó fi ọgbọ́n yìí sílẹ̀ fún wa.

Ìkánjú ni ó lè ba ọgbọ́n náà jẹ́. Ẹni tí ọjà ń pè, tí ó gé ọjọ́ rírẹ kúrú kí púpurú lè tètè dé ọjà Òkìtìpupa, tàbí tí ó rin ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ kí ó yan gàrí rẹ̀ lálẹ́, ń ta ohun tí kò tíì jáde lára ẹ̀gẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì gbà kí wọ́n ṣe é nílé yín. Bí ẹ bá sì ń jẹ ẹ̀gẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí wà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá fún àwọn ìyá wa àgbà tí ó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n máa ń fi ẹja sílẹ̀ fún.

Ohun kan tún wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè tí kò jìnnà sí wa, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdédé fọ́ lójú, tí orí ń fọ́ wọn, tí wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ju mẹ́wàá lọ tí ó kú. Ọ̀pọ̀ ní ìbínú òòṣà ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọtí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ ni ó pa wọ́n, májèlé tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Àwọn tí ó gbà pé òòṣà ni kò ní ìdí láti gbé ife ọtí náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bèèrè ohun tí wọ́n mu nìkan ni ó lè gba ẹlòmíràn là.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹsẹ̀ bá ń jó ìyá àgbà nílé, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí ẹ tó wá ọ̀tá kiri, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ń jẹ fún dókítà. Ẹ̀yin tí ọkàn yín fà sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ tí Ọ̀ṣuntókun bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí. Ìdí àrùn náà kò tíì hàn tán, oògùn rẹ̀ kò sì tíì sí. Kò sí ohun tí ó ní kí ó má jẹ́ ọmọ Igbódìgò ni yóò rí i.